"Wọ́n ní tí mo bá ti bímọ, á lọ": ìdáhùn mi fún tíṣà kan tí endometriosis ń bá fínra

Mẹ́síìjì tó wọlé sọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Tíṣà ni mí ní Ṣágámù, ọmọ ọdún 27. Àtìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù lọ́mọ ọdún 13 ni inú ti ń run mí, àmọ́ láti bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn ó ti kọjá inú rírun, ọjọ́ mẹ́ta gbáko lóṣooṣù ni mi ò ní lè dúró níwájú bọ́ọ̀dù. Wọ́n ti tọ́jú mi fún infection, wọ́n ti tọ́jú mi fún staph, mo ti gba abẹ́rẹ́ títí. Scan méjì ni wọ́n ṣe tí wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Oṣù tó kọjá ni dókítà kan n'Íbàdàn tún scan mi, ó ní endometriosis ni, pé nǹkan kan wà níbi àpò ẹyin mi lápá òsì tó tó 4 cm, ó wá kọ tábílẹ́ẹ̀tì họ́mọ̀nù fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni, pé á ba ilé ọmọ mi jẹ́. Ìyá mi ní kí n má lò ó, pé tí mo bá ti bímọ á lọ fúnra ẹ̀. December ni ìgbéyàwó mi. Ṣé jẹjẹrẹ ni mà? Ṣé màá lè bímọ? Ṣé kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ni, àbí kí n lo oògùn yẹn, àbí agbo wà tó lè wò ó?"

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka mẹ́síìjì yìí. Mo ti lé lógún ọdún lẹ́nu ìtọ́jú àìsàn obìnrin, kò sì sí oṣù kan tí irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í wọlé wá bá mi, ibi tó máa ń dùn mí jù ni iye ọdún tó máa ń kọjá kí ẹnì kan tó dárúkọ àìsàn náà fún ẹni tó ń ṣe. Ìwọ ti lo ọdún 14. Kódà n'ílùú Ọba tí NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba wọn, wà, ó máa ń lé ní ọdún 7. Èmi náà ní tèmi lọ́rùn, torí lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì kan tí màmá ẹ̀ mú wá, mo kọ páràsítámọ́ọ̀lù fún un, mo ní kó lọ sinmi, pé tó bá dàgbà sí i ara ẹ̀ á mọ́ ọn lára. Ọdún kẹsàn-án ló tó padà jókòó síwájú mi, ó ti lọ́kọ, ó ń wá ọmọ, nígbà tá a sì wo inú ẹ̀, gbogbo nǹkan ti lẹ̀ mọ́ra. Mi ò gbàgbé ojú ọmọ yẹn títí dòní, òun ló jẹ́ kí n fẹ́ fara balẹ̀ dá ẹ lóhùn.

Kí ni endometriosis gan-an? Awọ kan wà tó tẹ́ inú ilé ọmọ bí ẹní, awọ yẹn ló máa ń nípọn lóṣooṣù de oyún, tí oyún ò bá wá dúró á já, á bá ẹ̀jẹ̀ jáde, òun là ń pè ní nǹkan oṣù. Tí èèyàn bá ní endometriosis, nǹkan tó jọ awọ yìí ló hù síbi tí kò yẹ kó hù sí, bóyá lára àpò ẹyin, bóyá lẹ́yìn ilé ọmọ, lára ìfun, lára àpò ìtọ̀, nígbà míì lójú àpá iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gbọ́mọ jáde, mo ti rí i ní ìdodo rí. Ibi yòówù kó wà, họ́mọ̀nù tó ń darí ilé ọmọ lòun náà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, tí nǹkan oṣù bá dé òun náà á ṣẹ̀jẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ ò rọ́nà jáde. Ibẹ̀ á wú, á gbóná, ara á máa bá a jà, bó bá sì ti ń jiná á máa dápàá, àpá yẹn ló ń lẹ nǹkan pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fojú ara mi rí i, abẹ́ ọ̀gá mi ni mo wà, wọ́n ki kámẹ́rà tín-ín-rín gba ìdodo wọlé, gbogbo wa wá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo rí àmì dúdú wínníwínní lẹ́yìn ilé ọmọ bí ẹni wọ́n èérún èédú síbẹ̀, ìfun ti gan mọ́ ilé ọmọ lẹ́yìn bí àmàlà tó gan mọ́dìí ìkòkò. Nígbà tí ọ̀gá mi wá tú nǹkan tó wà lára àpò ẹyin, ohun tó ṣàn jáde ki, ó dúdú, àfi bí àdín dúdú. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ń gbára jọ síbẹ̀ lóṣooṣù ni. Tí ohun tí dókítà ẹ rí bá rí bó ṣe sọ ọ́, irú ẹ̀ ló wà lápá òsì ẹ yẹn.

Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo fẹ́ kó o gbọ́ ìyẹn kó o tó gbọ́ nǹkan míì. Òótọ́ ni pé irú jẹjẹrẹ àpò ẹyin kan wà tó fi díẹ̀ pọ̀ lára àwọn tó ní endometriosis ju àwọn yòókù lọ, àmọ́ díẹ̀ náà kéré débi pé ó pọ̀ jọjọ àwọn tó ní in tí kò ní rí jẹjẹrẹ náà láyé wọn, ohun tá a kàn ń ṣe ni pé a ó máa fi scan wo nǹkan ọ̀hún látìgbàdégbà. Kì í sì í ṣe àfọwọ́fà. Kò wá látinú ohun tó o jẹ, kò wá látinú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, kì í ṣe ọkọ ọ̀run, kì í sì í ṣe pé o ṣẹ́yún rí. Mo mọ̀ pé o lè má bi mí ní ìyẹn, àmọ́ mo ti rí ọ̀pọ̀ tí àwọn ará ilé ọkọ ń fi ojú yẹn wò.

Kí ló wá ń fà á? Ní 1927, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, John Sampson, ṣàlàyé pé lára ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù máa ń gba tube, ìyẹn ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ, padà sẹ́yìn lọ sínú ikùn dípò kó jáde, pé ohun tó bá ẹ̀jẹ̀ yẹn lọ ló ń fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Títí dòní àlàyé yẹn ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ kò tó, torí ọ̀pọ̀ obìnrin ni ẹ̀jẹ̀ máa ń padà sẹ́yìn lára wọn, síbẹ̀ WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní bí ìdá kan nínú mẹ́wàá obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ ló ní endometriosis, ìyẹn tó nǹkan bí mílíọ̀nù 190 kárí ayé. Nǹkan míì wà níbẹ̀ nígbà náà. Ó ń tẹ̀lé ìdílé, tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n bá ní in, ó rọrùn kí ọmọ náà ní in. Ọmọ ogun inú ara àwọn kan kì í gbá ohun tó bá ṣìnà bẹ́ẹ̀ dànù bó ṣe yẹ. Awọ náà tún máa ń ṣe họ́mọ̀nù tiẹ̀ fúnra ẹ̀ tó fi ń bọ́ ara ẹ̀. Bi màmá ẹ bóyá inú run òun náà bẹ́ẹ̀ kó tó bímọ, ó lè yà ẹ́ lẹ́nu ohun tó máa sọ.

Ohun kan tún wà tó yẹ ká sọ níta. Ó pẹ́ tí ìwé ìṣègùn àwọn òyìnbó fi ń sọ pé àìsàn àwọn obìnrin funfun ni, pé kì í sábà ṣe obìnrin dúdú, tí obìnrin dúdú bá wá ní inú ń run òun, infection ni wọ́n á kọ sí fáìlì ẹ̀. Ní 1976 ni Dókítà Donald Chatman, òun náà ń tọ́jú àwọn obìnrin dúdú ní Chicago, kọ ọ́ síta pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti sọ pé infection ló ń ṣe wọ́n, endometriosis ló wà nínú wọn nígbà tó fi kámẹ́rà wò ó. Níbí náà, ìwádìí kan tí àwọn dókítà n'Íbàdàn tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé nínú àwọn obìnrin tí wọ́n ki kámẹ́rà sí nínú, ó sún mọ́ ìdajì wọn tí wọ́n bá a lára wọn. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ìdajì obìnrin Nàìjíríà ló ní in o, àwọn tí nǹkan ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wò, àmọ́ ẹni tó bá ṣì ń sọ pé kì í ṣe àìsàn tiwa, kó gbé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ẹ́.

Wọ́n á ti sọ fún ẹ pé ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Lóòótọ́, inú máa ń run ọ̀pọ̀ obìnrin lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á lo oògùn kan, wọ́n á lọ sọ́jà. Àmọ́ èyí tó ń dá èèyàn dùbúlẹ̀, tó ń le sí i lọ́dọọdún, tó ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó yọ, tó ń dùn tí èèyàn bá ń yàgbẹ́ lásìkò nǹkan oṣù, tàbí tó ń dùn ún nínú lọ́hùn-ún nígbà ìbálòpọ̀, ìyẹn ti kúrò nínú ti gbogbo ọlọ́ya. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ọmọ tí kì í lè lọ sílé ìwé lóṣooṣù nítorí nǹkan oṣù, ẹ má pè é lọ́lẹ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ní ti infection àti staph tí wọ́n ń tọ́jú ẹ fún, mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè dájọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé staph máa ń gbé lára èèyàn láìṣe nǹkan kan, tí wọ́n bá fi òwú gbọn ojú ara wò wọ́n lè rí i, kò fi dandan jẹ́ pé òun ló ń run èèyàn nínú. Infection kì í ka kàlẹ́ńdà, ìrora tó bá ń wá tó ń lọ pẹ̀lú nǹkan oṣù fún ọdún mẹ́wàá, ó ń sọ ibi tó ti wá. Ti scan tí kò rí nǹkan kan náà, má jẹ́ kó dà ẹ́ lọ́kàn rú, scan orí ikùn lè rí ìju, ó lè rí nǹkan tó ti wú bíi tìẹ, àmọ́ àwọn àmì wínníwínní yẹn kò lè rí wọn. Èyí tí wọ́n ń ṣe láti ojú ara ló sàn jù, tó bá sì jẹ́ pé wúńdíá ni ẹni náà, MRI wà, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara. Láyé ijọ́un a máa ń sọ pé àfi tá a bá fi kámẹ́rà wo inú ká tó lè sọ pé endometriosis ni, a ò fi bẹ́ẹ̀ rin kinkin mọ́ ìyẹn mọ́, tí ìtàn bá ṣe rẹ́gí, dókítà lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ màmá ẹ ni mo wá fẹ́ bá ẹ sọ dáadáa, torí irọ́ pátápátá kọ́ ni wọ́n ń pa. Obìnrin tó bá lóyún, oṣù mẹ́sàn-án ni kò ní rí nǹkan oṣù, tó bá bímọ tán tó ń fọ́mọ lọ́mú dáadáa ó tún lè pẹ́ kó tó padà rí i. Ohun tó hù síta yẹn náà á sinmi, ìrora á rọlẹ̀. Àwọn ìyá wa àgbà, wọ́n tètè ń bímọ, wọ́n ń bí mẹ́fà méje, wọ́n ń fọ́mú fún ọdún méjì, tó o bá ṣírò ẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n ṣe nǹkan oṣù láyé wọn ò lè sún mọ́ tìẹ tó ò sinmi rárá látọmọ ọdún 13. Ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ ìsinmi ni oyún fún wọn, kì í ṣe ìwòsàn, mo ti tọ́jú àwọn ọlọ́mọ mẹ́ta tí ìrora náà padà dé ní gẹ́lẹ́ tí ọmọ já lẹ́nu ọmú. Nítorí náà má sáré bímọ torí inú rírun. Oògùn tí ẹ̀gbọ́n ẹ wá ń bẹ̀rù yìí, ohun kan náà tí oyún àti ọmú ń ṣe ló ń ṣe, ó ń dá nǹkan oṣù dúró tàbí kó jẹ́ kó kéré, kí ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú lè rí ìsinmi. Tó o bá máa sọ ọ́ fún màmá, sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, á yé wọn.

Ṣé á ba ilé ọmọ jẹ́? Rárá. O ò kọ orúkọ oògùn náà fún mi, ó lè jẹ́ norethisterone, ó lè jẹ́ dienogest, ó sì lè jẹ́ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n ń lò láìdá a dúró lóṣooṣù, tábílẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn, tó o bá dá a dúró nǹkan oṣù á padà. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ni èyí tó lè jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí oyún tó dúró, ó lè tó ọdún kan nígbà míì, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fún ẹni tó ń ṣègbéyàwó ní December. Mi ò ní tàn ẹ́ pé kò ní yọ ẹ́ lẹ́nu o. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ẹ̀jẹ̀ lè máa yọ díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ tó ò retí, ara lè fẹ̀ díẹ̀, orí lè máa fọ́, inú àwọn míì kì í dùn títí, tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ padà lọ bá dókítà kó pààrọ̀ ẹ̀, má kàn jù ú síbi kan kó o máa bá ìrora lọ. Abẹ́rẹ́ míì wà tó lágbára ju ìyẹn lọ, tó ń sọ obìnrin di bí ẹni tí nǹkan oṣù ti dá lára ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ara á máa gbóná fẹ̀ẹ̀, egungun lè máa fúyẹ́ tó bá pẹ́ jù, ó sì gbówó lórí. Mi ò rí ìdí tó o fi máa bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ohun tó máa pinnu gbogbo nǹkan ni ìbéèrè kan tí ìwọ àti àfẹ́sọ́nà ẹ gbọ́dọ̀ jókòó sọ: ṣé kété lẹ́yìn ìgbéyàwó lẹ fẹ́ ọmọ ni, àbí ẹ fẹ́ dúró díẹ̀? Oògùn họ́mọ̀nù tó ń mú ìrora rọlẹ̀ yìí ò jẹ́ kí ẹyin jáde, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè máa lò ó kó tún máa wá oyún lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì í ṣe pé lílò ó á mú kí oyún tètè dúró sí i tó o bá dá a dúró. Tó bá jẹ́ kíákíá lẹ fẹ́ ẹ, o lè lò ó láti ìsinsìnyí dé December kó o kọ́kọ́ rójú sinmi, kó o wá dá a dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní endometriosis ló ń bímọ fúnra wọn, àmọ́ ó ń dí àwọn kan lọ́wọ́, torí àpá lè dí tube, ara tó ń gbóná nínú lè máà jẹ́ kí ẹyin àti àtọ̀ pàdé bó ṣe yẹ. Fún ìdí yìí, mi ò ní kó o dúró ọdún kan bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún àwọn yòókù. Tí oṣù 6 bá kọjá láìsí oyún, ẹ lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa ìbímọ, ẹ̀yin méjèèjì, kí wọ́n yẹ àtọ̀ ọkọ náà wò, IVF náà wà tó bá débẹ̀, ìyẹn kí wọ́n so ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara. Sọ ọ̀rọ̀ àìsàn yìí fún àfẹ́sọ́nà ẹ kí ìgbéyàwó tó dé. Mo ti rí ọkọ tó gbọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó tó ní wọ́n tan òun jẹ, mo sì ti rí èyí tó bá ìyàwó ẹ̀ wá sọ́fíìsì mi pẹ̀lú abala kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, òun fúnra ẹ̀ ló ń fi bíró pupa yí ọjọ́ tí ìrora bá dé po, oṣù mẹ́rin odidi. Abala kàlẹ́ńdà yẹn ṣe mí láǹfààní ju scan tí wọ́n kó wá lọ.

Iṣẹ́ abẹ ńkọ́? 4 cm kò fi dandan sọ pé ká gbé ọ̀bẹ. Tí wọ́n bá ń yọ nǹkan yẹn kúrò lára àpò ẹyin, lára ẹyin tó dára máa ń bá a lọ, ẹyin tó bá sì lọ ò ní padà, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rọra ṣe fún ẹni tí kò tíì bímọ, tó bá sì di dandan mo máa ń ní kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì AMH ṣáájú ká lè mọ bí ẹyin ṣe kù sí. Àmọ́ tí oògùn ò bá ká ìrora náà, tó ń dàgbà, tàbí tí ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀ lórí scan bá mú ìfura dání, iṣẹ́ abẹ wúlò. Kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi kámẹ́rà ṣe, kó sì jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe é dáadáa, má tijú láti bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ṣe irú ẹ̀ mà, tàbí sà. Owó ńlá ni, àpò ara wa ló sì ti máa ń jáde níbí, mo mọ̀. Ó tún lè padà hù lẹ́yìn ọdún mélòó kan, họ́mọ̀nù tí èèyàn bá lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni kì í jẹ́ kó tètè padà. Tí ẹnì kan bá ní kó o yọ ilé ọmọ kó lè parí, dúró ná, ohun tó wà níta ilé ọmọ ò ní bá ilé ọmọ lọ.

Ní ti agbo, mi ò ní bú àwọn baba wa, àmọ́ mi ò tíì rí agbo tó lè yọ nǹkan yìí kúrò, èyí tí wọ́n sì ń tà lójú títì, o ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ìwọ tó o tún ń lo oògùn ìrora, kíndìnrín ẹ ló máa ru gbogbo ẹ̀. Atalẹ̀ tó o bá fi omi gbígbóná sè ò léwu, ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ike omi gbígbóná tó o fi aṣọ wé tó o gbé lé ikùn, ó dára. Oògùn bíi ibuprofen, àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á dúró dìgbà tí ìrora bá ti gbé wọn ṣánlẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú nǹkan oṣù, jẹun kó o tó lò ó, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin tó, àmọ́ tó o bá ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ fée tàbí kíndìnrín tí ò dára, má fọwọ́ kàn án láìbi dókítà. Ìrora tó bá ti pẹ́ lára, iṣan máa ń kọ́ ọ mọ́ra, débi pé kódà tí nǹkan bá ti dẹ̀ nínú, ó lè ṣì máa dunni, nítorí náà tí oògùn bá din tìẹ kù sí ìdajì, má sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Mi ò rí fáìlì ẹ, mi ò fọwọ́ kàn ẹ́, dókítà tó rí ẹ n'Íbàdàn ló lè sọ iye oṣù tó o máa lo oògùn yẹn, padà lọ bá a lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí wọ́n tún scan náà ṣe. Àmọ́ tí ìrora bá kàn ṣàdédé gbé ẹ lápá òsì lọ́jọ́ kan, tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó ò ń bì, tí ojú ń ṣú ẹ tàbí tí ibà bá a dé, má dúró de ìgbà tí ilẹ̀ á mọ́, nǹkan yẹn lè bẹ́ tàbí kí àpò ẹyin lọ́ pọ̀, kí wọ́n gbé ẹ lọ sí ọsibítù lóru yẹn.